Aṣọ Funfun Lẹ́nu Sàlẹ́ńsà

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì

Ọmọ ọmọ mi, Ọlọ́wọ́-Epo,

Kí n tó sọ ohunkóhun, jẹ́ kí n ka àwọn tó dé sáyé àti àwọn tó ṣègbéyàwó fún ọ. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ tó ń ránṣọ ti bí ọkùnrin. Orí bàbá rẹ àgbà ló gbé wá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó gbé etí rẹ̀ wá, nítorí etí yẹn kì í gbọ́ ìmọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ nọ́ọ̀sì ti lọ sílé ọkọ ní Sátidé tó kọjá. Ọkọ rẹ̀ ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọ pálọ̀ mi, mo sì gbà á bí ìkíni. Ọmọ káfíńtà ojúlé kejì gbéyàwó. Tíṣà wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà pàápàá gbéyàwó, kò sì sí ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó jẹ́ kí lẹ́tà yìí pẹ́ nìyẹn, nítorí èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò dì mí lọ́wọ́ mú. Níbi tí o bá ti rí i pé mo pa nǹkan rẹ́, má rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó máa rìn, rírá ló kọ́kọ́ ń rá.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwa ló kù. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ò gbúròó rẹ. Ìyàwó awakọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ yín dé wá sọ ọ́ láàárín èrò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé òun rí ọ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, pé o lóṣòó ti ọpọ́n, o ń fi bẹntiróòlù fọ irin. Mo ní, "Ọmọ mi ń to ẹ́ńjìnnì ni." Ó ní, "Màmá, irin ló ń fọ̀." Mo ní ojú tirẹ̀ ló yẹ kó lọ fọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó, mi ò lè jẹun.

Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Èmi kì í ṣe ọjà. Gbé tìrẹ wá, màá rà á.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́ kí ẹ̀yìn mi tó tẹ̀,
Màmá Àgbà


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá Àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Ìgbà kẹta ni mo tó sunkún, nítorí ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ọwọ́ yín gan-an ló kọ ọ́. Ẹ bá mi kí ìyá ìkókó. Ẹ sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi pé kó rọra, kó má fi orí gbé òrùlé wa lọ.

Òótọ́ ni ìyàwó awakọ̀ sọ. Ọdún méjì ni mo ti ń fọ irin. Mo purọ́ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ni mò ń tò, nítorí pé mo mọ bí ẹ ṣe ń ròyìn mi fún àwọn èèyàn, mi ò sì fẹ́ kí ojú tì yín.

Ṣùgbọ́n nǹkan ti fẹ́ yí padà. Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa tí wọ́n fi tapólì bò. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítíìnì. Mo bẹ Ọ̀gá pé kó jẹ́ kí n máa tún un ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìdíje àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà. Ibi mọ́kànlá ni wọ́n ti máa dúró. Níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tún un tan láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí tìẹ bá tan níbi mọ́kọ̀ọ̀kànlá, tábìlì tí a ti ń to ẹ́ńjìnnì di tìẹ. Tí kò bá tan, mi ò ní buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ rẹ mọ́." Màmá, láìsí ìwé yẹn, ìjọba ilẹ̀ yìí kò ní jẹ́ kí n gbé ibí. Ọwọ́ òfìfo ni màá gbé wálé.

Ẹ́ńjìnnì náà ti ń dún. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló kù. Irú rẹ̀ ń fẹ́ kí a po ọ́ìlì tú-sítírókù díẹ̀ mọ́ bẹntiróòlù, bí ẹ ṣe máa ń pò ó fún àwọn alálùpùpù. Agolo méjì ló wà lórí pẹpẹ wa: pupa ni ti eré ìje, búlúù ni ti ojoojúmọ́. Mẹkáníìkì àgbà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Agolo-Pupa torí pé kì í po òmíràn, ní, "Ìdíje lò ń lọ, o fẹ́ po ọ́ìlì ẹ̀rọ tí ń gé koríko?" Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Ẹ dárí jì mí.
Ọlọ́wọ́-Epo yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo ti dárí irọ́ jì ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni mi ò tíì fojú fò. O kọ lẹ́tà lórí ọ́ìlì àpòpọ̀ sí ìyá tó po ọ́ìlì fún ọgbọ̀n ọdún, o kò sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹni tó wà létí odò kì í fi itọ́ bọ́jú.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ni wọ́n ń pè ní ẹ́ńjìnnì tí kò ní písítíìnì? Ìkòkò ni wọ́n gbé fún ọ yẹn. Mo ka ibẹ̀ sókè ní kíláàsì. Ìyá oníbọ́tìnì tó ń jókòó tì mí ní, "Ẹ bá wa bi í, ṣé ó ní táyà ṣá?" Gbogbo kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó wò, ìbéèrè gidi ni. Ṣé ó ní táyà?

Wàyí o, gbọ́ ìtàn. Nígbà tí bàbá rẹ àgbà ṣì ń tún alùpùpù ṣe, tí mo ń ta epo àpòpọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oníṣòwò kan gbé ọ́ìlì eré ìje wá. Mo ní kó dán an wò lára alùpùpù kan ná. Etí tí mo wí yẹn kò gbọ́. Ó ní kí n pò ó fún gbogbo ayé. Àwọn tó ń sáré lójú títì tó jìn padà wá dúpẹ́. Àwọn tó ń gbé ẹrù, tí wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́, ń ti alùpùpù wọn bọ̀: mẹ́tàdínlógún lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n kúkú máa gùn ún. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka èéfín. Mo ti ń ka èéfín kí n tó mọ A, B, D.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Wá aṣọ funfun méjì. Po ti búlúù, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó máa dún jẹ́jẹ́. Na aṣọ kan sẹ́nu sàlẹ́ńsà níbi tí èéfín ń gbà jáde, ka igba. Gbọn epo inú táńkì dànù, po ti pupa, ṣe bákan náà, kí o sì ta kókó sí igun aṣọ ti pupa kí n lè dá a mọ̀. Má fọ̀ wọ́n. Fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe wà. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agolo pupa dẹ́rù bà ọ́. Àwọ̀ kọ́ ni iṣẹ́.

Màmá Àgbà


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ sọ fún ìyá oníbọ́tìnì pé ó ní táyà mẹ́rin, ó tún ní ọ̀kan lẹ́yìn.

Kì í ṣe ìkòkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí i. Ẹ ronú ààrò mẹ́ta. Ẹ so wọ́n pọ̀ di irin kan tó ní igun mẹ́ta, kó máa yí nínú ìkòkò tó gùn, tó fún díẹ̀ láàárín. Lórí igun kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí abẹ ìfárí wà nínú ihò rẹ̀, ó ń fara ra ògiri ìkòkò kí agbára iná má baà jò kọjá. Ọ́ìlì tí a pò ló ń jẹ́ kí irin igun yẹn máa yọ̀. Tí irin igun bá há sínú ihò rẹ̀, agbára á jò, ẹ́ńjìnnì kò sì ní tan. Ìwé rẹ̀ ní ìdajì ọ́ìlì tí alùpùpù ń gbà ni kó gbà.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Aṣọ funfun kan péré ni mo ní, mo fi ṣe ti búlúù. Nígbà tó kan pupa, Ọ̀gá dúró tì mí. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, nǹkan funfun kan." Ó yọ áńkáṣíìfù rẹ̀ lápò àyà, èyí tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ṣe iṣẹ́ òwú sí létí. Ó rò pé mo fẹ́ nu òógùn. Kó tó la ẹnu, ó ti wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà.

Agolo-Pupa ní, "Kí lèyí?"

"Màmá Àgbà mi ló ní kí n fi ránṣẹ́ sáwọn."

"Kí wọ́n fi ṣe kí ni?"

"Wọ́n máa kà á."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. "Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D ló fẹ́ ka sàlẹ́ńsà."

Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní purọ́ fún yín mọ́, nítorí náà ẹ gbọ́: ojú tì mí. Mo ti da pupa padà sínú táńkì. Ó ń ta sánsán, ẹ́ńjìnnì sì ń fi í dún dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pa á nígbà tó gbóná tí kò tan fún ogún ìṣẹ́jú. Agolo-Pupa ní bátìrì ni. Tí lẹ́tà yín kò bá dé kí oṣù kẹfà tó wọlé, pupa ni màá gbé lọ.

Aṣọ méjèèjì rèé. Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé òun máa gba áńkáṣíìfù òun padà.

Ọlọ́wọ́-Epo


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti kà á.

Mo tẹ́ aṣọ méjèèjì sórí tábìlì, mo fi ìka pa wọ́n. Ti búlúù yọ̀ bí ọ̀rá, mo nu ọwọ́, ó lọ. Ti pupa ń fà bí oje igi. Mo gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé wọn lórí, mo ka ọgbọ̀n. Ti búlúù gbẹ, ó ku àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ti pupa dúdú, ó le bí awọ bàtà. Mo wá gé igun kan lára ti pupa, mo jù ú sínú iná gidi. Ó jó tán pátápátá.

Nítorí náà, gbọ́ ìdájọ́ mi. Ọ́ìlì burúkú kọ́. Iná ńlá ló ń fẹ́. Ọkọ̀ tó bá ń fi gbogbo ẹ̀mí rẹ̀ sáré láti àárọ̀ dé ọ̀sán á fún un ní iná yẹn. Tìrẹ á sáré díẹ̀, á dúró, á pa, á tan, á tún máa rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ kò ní gbóná tó. Ọ́ìlì tí kò bá jó tán á di oje, oje á di irin igun rẹ mú. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó tan fún ogún ìṣẹ́jú. Fi bátìrì sílẹ̀, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àmọ́ bí o bá fi oje lẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ló kù?

Po búlúù. Tú ẹ́ńjìnnì náà kí o fọ ihò igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alùpùpù ń gba ìdérí mẹ́jọ sí kẹ́ẹ̀gì kan. Ìwé rẹ ní ìdajì, nítorí náà ìdérí mẹ́rin. Kọ́kọ́ fi bẹntiróòlù díẹ̀ po ọ́ìlì náà, mì í dáadáa, kí o tó da ìyókù lé e.

Ní ti ojú tó ń tì ọ́: abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tó ń fini rẹ́rìn-ín kọ́ ni wọ́n máa dá padà sílé.

Nígbà tí mo gbé àpò lẹ́tà yìí dé ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé ti ti tàdáwà síwájú mi fún àtàǹpàkò, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní, "Gbé e kúrò. Bíírò ni kí o fún mi." Mo buwọ́ lù ú. Ó wo ìwé, ó wò mí. Ó dìde dúró, ó ní, "Ẹ kú oríire, Màmá." Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá Àgbà


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Kò sí èsì. Mo ń lọ wo àpótí lẹ́tà lójoojúmọ́, akọ̀wé ti mọ ìró bàtà mi.

Lánàá, mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọ́ìlì, mo rí àwọn agolo tuntun. Ìdérí wọn tóbi bí ago tíì. Oríṣi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ. Ìdérí tí mo wí fún ọ ni èyí tí bàbá rẹ àgbà gé lára fìtílà àtijọ́, tó kọ́ sí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wọn ọ́ìlì, mo sì ti gbàgbé pé òun nìkan ló wà láyé. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, èéfín á bo ọkọ̀ rẹ mọ́lẹ̀. Bí ó bá kéré jù, irin á jẹ irin.

Ìdérí náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ìdíje á ti kọjá kó tó dé. Mi ò kàn lè jókòó lásán.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ wà níbẹ̀.

Màmá Àgbà


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà

Màmá Àgbà mi,

Ẹ jókòó. Ó tan. Níbi mọ́kọ̀ọ̀kànlá ló tan.

Lẹ́tà yín dé nígbà tí oṣù karùn-ún ku ọjọ́ méjì kó parí. Mo tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oje ti di méjì mú, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Mo pe Ọ̀gá wá wò ó. Ó wo àpò àyà rẹ̀ níbi tí áńkáṣíìfù máa ń wà. Mi ò kọ̀wé sí yín nítorí pé mi ò sùn, mi ò sinmi, mo ń tò ó padà.

Ìgbà tó wá kan ìwọ̀n, mo rí i pé ìdérí agolo wa tóbi bí ago. Mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ òun. Mo jókòó sórí táyà, mo sì rántí pé ẹ̀yin fúnra yín kì í gba ìdérí gbọ́. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ máa ń da díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ ó gbé e sí oòrùn, ẹ ó fi ìka sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó ní, "Ṣé o rí èékánná mi?" Tí mo bá rí èékánná, tí mi ò rí ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀, ẹ ó ní ó tó. Mo pò ó títí mo fi rí èékánná tèmi láìrí ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀, ìdọ̀tí tèmi sì pọ̀ ju tiyín lọ. Ti alùpùpù nìyẹn. Ìdajì ni mo ń wá, nítorí náà mo da iye bẹntiróòlù yẹn kan náà lé e.

Lọ́jọ́ ìdíje, oòrùn mú. A ń tò tẹ̀lé ara wa bí èèrà. Agolo-Pupa náà gbé ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ wá, tí òun náà ń mu epo àpòpọ̀, ó sì rọ pupa kún un. Ó ṣáájú mi láti ibi àkọ́kọ́. Níbi keje, lórí òkè, mo bá a tó ń ti ọkọ̀ rẹ̀, òógùn bò ó. Mo pa tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tan án, ó tan. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí lo pò?"

Mo ní, "Ọ́ìlì ẹ̀rọ tí ń gé koríko."

Níbi kọkànlá, ẹni tó di aago mú gbọ́wọ́ sókè. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Màmá, mo rí yàrá mi nílé. Mo tún un yí, ó sì dún. Ọ̀gá gbé ìwé iṣẹ́ mi lé orí ọkọ̀ bó ṣe gbóná tó, ó buwọ́ lù ú níbẹ̀. Ó ní, "Láàárọ̀ Mọ́ńdè, má lọ sídìí ọpọ́n. Tábìlì ń dúró dè ọ́."

Ó ti ra ìdì aṣọ funfun kan. Ó ní ẹ́ńjìnnì àpòpọ̀ kan kò ní jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun mọ́ láìṣe aṣọ. Agolo-Pupa fúnra rẹ̀ ló ń ta kókó. Ó yọ́ wá bi mí lánàá bóyá ẹ máa ń ka ti ẹlòmíràn.

Ọ̀gá ṣì ń bèèrè áńkáṣíìfù rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Epo yín, onítábìlì


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Onítábìlì mi,

Lónìí mi ò ka ẹni tó bí àti ẹni tó gbéyàwó. Ìwọ nìkan ni ìròyìn.

Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ka lẹ́tà rẹ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò sì kọsẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ní kí n tún ibi ọ́ìlì ẹ̀rọ tí ń gé koríko kà. Ìyá oníbọ́tìnì rẹ́rìn-ín títí ìwérí rẹ̀ fi tú. Tíṣà wa ní ká kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ wa. Mo kọ ojú ìwé méjì.

Mo pàdé ìyàwó awakọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ọjọ́sí. Mo ní, "Ọmọ mi ń to ẹ́ńjìnnì ni." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo ní kó tún un sọ, etí mi ò gbọ́ dáadáa. Etí mi gbọ́.

Ohun tó ń mú mi rẹ́rìn-ín ni pé mo rò pé ìdérí ni mo fi kọ́ ọ, èékánná lo kọ́. Tí ìdérí náà bá dé, má fi wọn nǹkan kan. Wá ìṣó kan, gbé e kọ́ sókè tábìlì rẹ. Bàbá rẹ àgbà ò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́, ó yẹ kí nǹkan tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Sọ fún Agolo-Pupa pé mò ń ka ti ẹlòmíràn. Kó kọ́kọ́ kí mi dáadáa nínú lẹ́tà ná.

Ọ̀rọ̀ áńkáṣíìfù Ọ̀gá: kò lè padà wá mọ́. Mo ti gé igun rẹ̀ sínú iná, mo ti gbé áyọ́ọ̀nù lé e, tíṣà wa sì ti kàn án mọ́ ògiri kíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, B, D, àwọn èèyàn ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fún ọmọ mi ní tábìlì kò gbọdọ̀ sọ pé ìdílé wa gba aṣọ òun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti bèèrè iye èyí tó dára jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo fi owó iṣẹ́ òwú lé e. Ẹ̀yìn ìwé yìí ni mo buwọ́ lù, kó má baà sí ohunkóhun lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn níbí. Ọmọ télọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ló mú owó náà dání. Gbé e lé ìyàwó Ọ̀gá lọ́wọ́, má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀, kí o sì sọ pé ìyá tó ka aṣọ náà ló ní kí o mú un wá: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta géérégé.